Ẹ̀yìn Tí Ó Ru Ẹrù Ogun: Ìtàn Àwọn Sójà Wa Àti Owó Ìtọ́jú Ara Wọn

Àwọn baba wa wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, nítorí pé àrọ́bá ni baba ìtàn. Nítorí èyí ni mo ṣe gbé kálàmù láti sọ ìtàn kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé láàárín rẹ̀ láì fiyè sí i: ìtàn àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi ọrùn àti ẹ̀yìn wọn ru ẹrù ogun, àti bí wọ́n ti ń fi ìwé bẹ ìjọba lẹ́yìn ogun náà pé kí ó gbà pé ẹrù náà ṣe wọ́n léṣe.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa ní Ìkòsì tí mo mọ̀ láti ìgbà èwe mi. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọ iṣẹ́ ológun ní 1968, nígbà ogun abẹ́lé. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ọkọ̀ tí ó kó àpótí ọta dojú dé pẹ̀lú wọn, àpótí sì já lé wọn ní ìbàdí. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde, egungun kankan kò yọ síta. Wọ́n fún wọn ní oògùn ìrora, wọ́n ní kí wọ́n sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà títí di òní, ẹsẹ̀ òsì wọn a máa jó wọn bí ẹni pé iná wà nínú rẹ̀. Ìgbà mìíràn yóò kú tipiri débi pé bàtà yóò bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn tí wọn kò ní mọ̀. Wọn kò lè jókòó pẹ́, wọn kò sì lè dúró pẹ́.

Bàbá yìí ni wọ́n gbé àpò ìwé kan wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ní, “Tíṣà, bá mi ka ohun tí wọ́n wí.” Mo kà á. Ìwé náà wí pé nínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn, kò sí ibi tí a ti dárúkọ ẹ̀yìn, àti pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ a máa bá ọjọ́ orí wá. Mo ní, “Bàbá, ǹjẹ́ ẹ ní ìwé ilé ìwòsàn ti ọjọ́ náà?” Wọ́n ní àwọn ti ní in rí, ṣùgbọ́n ó bá omíyalé ọdún 2010 lọ, nígbà tí odò Ògùn kún tí omi sì wọlé tọ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní apá Máìlì 12 àti Àjẹ́gúnlẹ̀. Wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀: “Ṣé bí ìwé bá ti bómi lọ, ìrora náà ti bómi lọ nìyẹn?”

Nítorí ìbéèrè yìí ni mo ṣe ń wá inú ìwé ìtàn kiri. Ohun tí mo rí ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí.

Òṣùká Nínú Igbó Bọ́mà

Nígbà ogun Hitler, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó ìpín ọmọ ogun ńlá méjì jọ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Bọ́mà láti bá àwọn ará Japan jà. Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia ni àwọn ọmọ ogun náà ti wá, àwọn ti Nàìjíríà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìpín 81 kọ́kọ́ lọ ní 1943, ìpín 82 sì tẹ̀lé e.

Ilẹ̀ tí wọ́n rán wọn lọ kò gba mọ́tò. Òkè ni, igbó ni, odò ni, òjò sì ń rọ̀ bí ẹni pé ojú ọ̀run ya. Kí wọ́n tó lè wọ àfonífojì odò Kaladan, ìpín 81 fi ọwọ́ la ọ̀nà gba orí àwọn òkè, nǹkan bí máìlì 75, ọ̀nà tí a pè ní West African Way. Láti ibẹ̀ lọ, ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń já oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn, orí ènìyàn ni ó sì ń gbé e káàkiri. Nínú gbogbo ọmọ ogun tí Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Bọ́mà, àwọn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni a mọ̀ mọ́ ẹrù rírù lórí. Àwọn alábàárù yìí wà nínú àkọsílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun: wọ́n ru ọta, wọ́n ru oúnjẹ, wọ́n ru ìbọn ńlá tí a tú sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì ru àwọn tí ó fara gbọgbẹ́.

Àmì tí ìpín 81 ń lẹ̀ mọ́ apá aṣọ ni aláǹtakùn. Àmì ìpín 82 ni ọ̀kọ̀ méjì tí ó dábùú ara wọn gba inú òṣùká alábàárù. Àwọn ọ̀gá wọn mọ̀ nígbà náà pé láìsí òṣùká, ọ̀kọ̀ kò lè dé ibi ìjà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ènìyàn, kí ó lọ sí ọjà Máìlì 12 ní kùtùkùtù, kí ó wo àwọn alábàárù tí ń gbé àpò àlùbọ́sà àti apẹ̀rẹ̀ tòmátì, kí ó sì wo bí àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà ti ń dìde lórí ìjókòó.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí ó lọ sí ogun náà fi ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrẹ̀-Ilé ní ẹ̀bá Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun ní Abẹ́òkúta ní 1942. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, ọta àwọn ará Japan bà á ní àfonífojì Kaladan, ó sì fọ́ egungun itan rẹ̀. Òun àti ẹnì kejì rẹ̀ kan, ọmọ Sierra Leone, fara pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án lábẹ́ ìtọ́jú àwọn ará abúlé tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, títí àwọn ọmọ ogun wa fi padà dé ní oṣù Kejìlá. Ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Èkó, a sì tẹ ìtàn tí ó kọ jáde ní 1999. Ó di olóògbé ní 2012. Ẹsẹ̀ tí ó ń tiro lé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣiyèméjì pé ogun bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọn kò tiro ńkọ́?

Ìgbóbì

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Kétu, tí ó gba òpópó Ìkòròdú kọjá Ọ̀jọ́ta àti Maryland, yóò dé Ìgbóbì. Gbogbo wa ni a mọ ilé ìwòsàn egungun tí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa ni ó mọ̀ pé ogun ni ó bí i. Ní 1943, ibùdó ìtọ́jú àwọn sójà tí ó fara gbọgbẹ́ ni ibẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1945 ni ó di ilé ìwòsàn lábẹ́ ìjọba. Láti ìgbà náà ni ará ìlú gbogbo, ìbáà ṣe ẹni tí ó jábọ́ lórí igi tàbí ẹni tí mọ́tò gbá, ti ń jẹ àǹfààní ohun tí a kọ́kọ́ kọ́ nítorí àwọn sójà.

Mo ń sọ èyí kí a lè mọ̀ pé gbèsè àwọn ọmọ ogun wà lọ́rùn gbogbo wa. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Kòsọ́fẹ́ ni ọmọ wọn ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde ní Ìgbóbì.

Ìrora Tí Ojú Kò Rí

Nígbà tí ìjọba bá fẹ́ san owó fún ẹni tí ogun ṣe léṣe, ó ní láti fi òṣùwọ̀n wọn ìpalára náà. Nínú ìwé òṣùwọ̀n tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò, ẹni tí àtàǹpàkò rẹ̀ gé kúrò gba 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìka ìfábẹ̀lá odindi jẹ́ 14. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bá lọ gba 100. Ẹni tí ìwọ̀n tirẹ̀ bá dé 20 yóò máa gba owó lóòrèkóòrè. Ẹni tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, owó ẹ̀ẹ̀kan ni wọn yóò fún un. Ọmọdé ilé ìwé lè ka ìka tí kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka ìrora ẹ̀yìn?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ bí olùkọ́ ti ń ṣe. Ọ̀pá ẹ̀yìn ènìyàn ní egungun 33 láti ọrùn dé ìdí. Láàárín àwọn tí ó ń mì nínú wọn ni ohun rírọ̀ kan wà bí tìmùtìmù, kí egungun má baà máa gún egungun. Inú ọ̀pá náà ni okùn iṣan ńlá gbà sọ̀kalẹ̀ láti inú ọpọlọ, ó sì ń ya iṣan sí ọ̀tún àti sí òsì, méjìméjì lọ́nà 31, tí ń gbé ìmọ̀lára àti agbára lọ sí apá, ikùn àti ẹsẹ̀. Bí ẹrù bá wúwo jù, tàbí bí ènìyàn bá ṣubú, tìmùtìmù yìí lè yọ kúrò ní ipò rẹ̀ kí ó tẹ iṣan mọ́lẹ̀. Nígbà náà, ìbàdí ni ó fara pa, ẹsẹ̀ ni yóò máa ké. Iṣan tí ó tóbi jù lọ nínú ara gba ìdí kọjá sí ẹ̀yìn itan títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Òun ni ó ń mú kí ẹsẹ̀ bàbá wa máa jó bí iná.

Röntgen, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti ṣàwárí ìtànṣán tí ń ya àwòrán egungun láti 1895, ṣùgbọ́n egungun ni àwòrán náà ń fi hàn, kò fi iṣan hàn. Ẹ̀rọ MRI tí ń fi iṣan àti tìmùtìmù hàn kò dé ilé ìwòsàn títí di nǹkan bí 1980. Ẹ wo ohun tí ìyẹn já sí. Sójà Bọ́mà tí ó wí ní 1946 pé ẹ̀yìn ń dun òun, tàbí sójà ogun abẹ́lé tí ó wí bẹ́ẹ̀ ní 1970, kò sí ẹ̀rọ MRI tí ó lè jẹ́rìí sí iṣan tirẹ̀. Dókítà a wo àwòrán, kò ní rí nǹkan kan, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé làkúrègbé ni. Nígbà tí ẹ̀rọ sì dé, ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti kọjá lórí ti ará Bọ́mà, ìjọba sì lè wí pé ogbó ni. Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ.

Ta Ni Ó Ni Iyèméjì?

Níbi tí ojú kò ti lè rí òtítọ́ gedegbe, iyèméjì ni yóò kù. Gbogbo ẹjọ́ owó ìtọ́jú ọmọ ogun, ní ilẹ̀ yòówù, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń já sí: ta ni ó ni iyèméjì náà? Ṣé ìjọba ni, àbí sójà?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan jáde ní 1943 tí ó gbé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kalẹ̀ fún àwọn tí a fi owó yìí dù nítorí ogun tí ó ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Ìlànà tí ó bá a rìn wí pé kì í ṣe sójà ni yóò máa wá ẹ̀rí kiri. Bí ìjọba bá gbà á síṣẹ́ pẹ̀lú ara líle, tí ó sì jáde pẹ̀lú àìsàn, ìjọba ni kí ó fi hàn pé iṣẹ́ ogun kọ́ ni ó fà á. Bí iyèméjì tí ó ní ìdí bá sì kù, sójà ni ó ni ín. Ní 1947, Adájọ́ Denning, tí ó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ṣàlàyé nínú ẹjọ́ Miller bí iyèméjì náà ti gbọ́dọ̀ tó: kì í ṣe ohun tí ènìyàn kàn lè fọkàn yà lásán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe dandan kí ẹ̀rí ìjọba dájú bí ọjọ́ àti òru. Àwọn amòfin wa ní Nàìjíríà ṣì ń tọ́ka sí ìdájọ́ yìí nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú sójà ni ó bí i.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá kan ti ń ṣiṣẹ́ ológun lónìí, òfin wí pé bí ẹ̀rí ọ̀tún àti ti òsì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí a dá a fún sójà. Wọ́n ń wọn ẹ̀yìn nípa bí ènìyàn ti lè tẹ̀ ba tó, wọ́n sì ń wọn iṣan tí ó lọ sí ẹsẹ̀ lọ́tọ̀. Ní 2018, nínú ẹjọ́ obìnrin kan tí ó ti ṣe sójà, Saunders, tí orúnkún ń dùn, ilé ẹjọ́ gíga kan níbẹ̀ pinnu pé ìrora fúnra rẹ̀, bí kò bá tilẹ̀ sí orúkọ àrùn tí a lè pè é, lè jẹ́ ìpalára bí ó bá ń dí ènìyàn lọ́wọ́ láti ṣe iṣẹ́. Láti 2019 ni òfin tuntun sì ti fún ẹni tí a kò dá láre ní ọ̀nà mẹ́ta: kí àgbà òṣìṣẹ́ mìíràn tún un wò, kí ó mú ẹ̀rí tuntun wá, tàbí kí ó lọ síwájú ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn. Ọdún kan ni wọ́n fún un láti yan ọ̀kan. N kò wí pé ibẹ̀ rọrùn, nítorí ẹjọ́ a máa pẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí mo ń wí ni pé òfin ti pinnu ẹni tí ó ni iyèméjì.

Àwọn Tí Wọ́n Fi Ẹsẹ̀ Pe Ẹjọ́

Ní ilẹ̀ tiwa, ìwé nìkan kọ́ ni àwọn baba wa fi pe ẹjọ́. Owó tí wọ́n san fún ọmọ Áfíríkà lẹ́yìn ogun kò tó ti aláwọ̀ funfun tí ipò wọn dọ́gba. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí fún ọ̀pọ̀ wọn kò sí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1948, àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní Accra ń rìn lọ láti fi ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn lé Gómìnà lọ́wọ́ ní Christiansborg. Ọlọ́pàá yìnbọn lù wọ́n ní ìkóríta, mẹ́ta sì kú: Sergeant Adjetey, Corporal Attipoe àti Private Odartey Lamptey. Ọ̀rọ̀ náà di ìrúkèrúdò káàkiri Gold Coast, ó sì wà lára ohun tí ó mú òmìnira Ghana yá ní 1957. Ní Nàìjíríà, àwọn ajagunfẹ̀yìntì Umuahia dìde bákan náà ní 1951.

Lábẹ́ Faransé, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ti bá ara wọn, ọ̀rọ̀ náà korò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1944, ní Thiaroye ní ẹ̀bá Dakar, àwọn sójà Faransé yìnbọn pa àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ń béèrè owó wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti ẹ̀wọ̀n àwọn ará Jámánì dé. Ní òpin 1959, bí òmìnira ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Faransé ṣe òfin tí ó so owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọmọ ilẹ̀ tí ó ń gba òmìnira mọ́lẹ̀ síbi tí ó dé, kí ó má lè bí sí i mọ́, nígbà tí ti ọmọ Faransé ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ẹsẹ̀ méjì tí ogun gé lọ́jọ́ kan náà wá di ẹsẹ̀ olówó gọbọi àti ẹsẹ̀ olówó táṣẹ́rẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ará Senegal kò dákẹ́. Àwọn 743 nínú wọn, tí Ibrahima Gueye ṣáájú, gbé ẹjọ́ náà dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìgbìmọ̀ náà sì dá wọn láre ní 1989. Ní 2001, ilé ẹjọ́ ìjọba tí ó ga jù ní Faransé dá ẹjọ́ bákan náà fún Amadou Diop. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2010, Ìgbìmọ̀ Òfin Ìpìlẹ̀ Faransé wí pé irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá òfin mu. Láti 1959 dé 2010, ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ni ẹjọ́ náà ti wà lábẹ́ ilẹ̀ kí a tó dá a.

Ohun kan náà ni àìsí ìwé ṣe fún àwọn òkú. Ní 2021, àjọ tí ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì jẹ́wọ́ pé ó kéré tán 116,000 ènìyàn tí ó kú nínú ogun àgbáyé kìíní, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ alábàárù ilẹ̀ Áfíríkà, ni a kò kọ orúkọ wọn sí ibi ìrántí, tàbí tí a kò tilẹ̀ rántí rárá. Ẹni tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó ń ru ẹrù, a kò lè rí i kà nígbà tí ó kú.

Lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé

Ogun abẹ́lé parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970, ọjọ́ náà ni a sì ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun lọ́dọọdún ní Nàìjíríà, dípò ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá tí Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì àwọn ológun jáde ní 1979. Ní 2011, a yọ àwọn ológun kúrò nínú ètò owó ìfẹ̀yìntì alájọdá, ìjọba àpapọ̀ sì ń san tiwọn láti ọwọ́ ìgbìmọ̀ tiwọn tí ó wà ní Abùjá. Àwọn tí ó jà ní apá Biafra dúró pẹ́ jù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2000 ni Ààrẹ Ọbásanjọ́ yí lílé tí a lé àwọn ológun wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ padà sí ìfẹ̀yìntì. Ọ̀pọ̀ ọdún sì ni àwọn arọ wọn fi jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ní ẹ̀bá ọ̀nà ní Oji River, tí wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ èrò ọkọ̀.

Nítorí náà, òfin wà, ìgbìmọ̀ wà. Ohun tí ó ń dènà ẹni bí bàbá wa ni ìwé. Sójà tí ọta gé lẹ́sẹ̀ gbé ẹ̀rí tirẹ̀ dání lọ síbi gbogbo. Ẹni tí iṣan rẹ̀ bàjẹ́, inú fáìlì ni ẹsẹ̀ tirẹ̀ wà. Bí fáìlì bá sọnù, ẹjọ́ sọnù. Ó sì wà nínú ìwà àwọn akíkanjú láti má sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, ẹni tí ó bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà nítorí ẹ̀yìn, ọ̀lẹ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò pè é. Wọ́n pa á mọ́ra, wọ́n sì bá iṣẹ́ lọ. Pípa tí wọ́n pa á mọ́ra náà ni ìwé wá ń lò lòdì sí wọn. Ẹni a ní kí ó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ni ó fi há ọwọ́.

Ohun Tí Ó Kù Fún Wa

Ìtàn tí kò bá kọ́ni lọ́gbọ́n, àlọ́ ni. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni mo rí nínú èyí tí mo ti sọ.

Èkíní, kí ẹnikẹ́ni tí ọmọ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ ológun, tàbí ti ọlọ́pàá, sọ fún un pé kí ó máa jẹ́ kí a kọ gbogbo ìpalára sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, bí ó ti wù kí ó kéré tó, pẹ̀lú ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ àti orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkejì, kí a má fi ìwé sí ojú kan. A mọ odò wa. Kí ẹ̀dà kan wà nílé, kí òmíràn wà lọ́dọ̀ ọmọ tàbí àbúrò tí ó ń gbé níbi tí omi kì í dé.

Ẹ̀kẹta, bí a bá gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kí ó má jẹ́ orúkọ àìsàn nìkan. Kí ó sọ irú iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe, ìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀, bí iṣẹ́ náà ti lè fà á, àti ohun tí ẹni náà kò lè ṣe mọ́. Kí a sì wá ẹlẹ́rìí: ẹni tí ó jọ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ìyàwó tí ó ti ń bá a wọ bàtà láti ọdún pípẹ́. Níbi tí àkọsílẹ̀ kò sí, ẹnu àwọn tí ó rí i ni ó kù.

Ẹ̀kẹrin ni ti ẹgbẹ́ wa. Mo dá a lábàá níwájú gbogbo yín pé kí a yan olùkọ́ méjì àti amòfin kan láàárín wa, kí wọ́n máa jókòó ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ kan nínú oṣù, kí àwọn àgbà tí ó ní irú ọ̀rọ̀ báyìí lè mú ìwé wọn wá. Kí ó má sì jẹ́ ti sójà nìkan. Òfin kan jáde ní 2010 tí ó wà fún sísan owó fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n alábàárù ọjà wa tí kò ní ọ̀gá, tí kò sì ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, kò sí ẹni tí yóò sanwó fún un. Ẹgbẹ́ tí ó bá lè kọ orúkọ wọn sílẹ̀, tí ó sì lè dá owó díẹ̀díẹ̀ jọ fún wọn, ti ṣe ohun tí ìjọba kò tíì ṣe.

Ní ti bàbá wa, a wá ẹni kan tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ náà ní 1969. Ó ń gbé ní Ìkòròdú báyìí, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ó ka orúkọ awakọ̀, ó ka iye àpótí tí ó já, ó ní òun ni òun fa bàbá jáde. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti sọ ọ́, ó búra sí i ní kóòtù, dókítà sì kọ tirẹ̀ mọ́ ọn. A ti fi ìwé ranṣẹ́ ní ìgbà kẹta. Wọ́n ti fèsì pé ó dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ìdáhùn ni a ń retí. Ẹ̀dà mẹ́ta ni mo ṣe: ọ̀kan wà lọ́wọ́ bàbá, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ wọn, ọ̀kan sì wà nínú àpótí mi ní ilé ìwé.

Bí ìdáhùn kò bá dára, a óò tún kọ. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí, ẹ̀yin ará mi. Àwọn ọkùnrin yìí ti ru tiwọn fún wa nígbà tí agbára wà. Ẹ jẹ́ kí a bá wọn sọ ọ́ kalẹ̀.